Ẹ̀bi Ta Ni: Ti Tírákítọ̀ Tó Gbó Ni, Tàbí Ti Ẹni Tó Gbé Ẹrù Lé E?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ nílẹ̀ yìí tí í pa ẹjọ́ mọ́ni lẹ́nu. Bí tírákítọ̀ bá dákú sí àárín oko, tí èéfín dúdú gba ojú ọ̀run kan, tí dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ tó ń ta táyà rẹ̀ ní ìpá, ẹ ó gbọ́ kí ẹnìkan wí pé, "Ṣebí ó ti gbó." Ó parí náà nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò tún béèrè nǹkan kan mọ́. Arúgbó ti jẹ̀bi. Wọn á wọ́ ọ lọ sẹ́yìn ilé, koríko tó yẹ kó gé á hù bò ó mọ́lẹ̀.

Èmi kò gbà pé ẹjọ́ náà ti parí. Mo fẹ́ kí a tún un dá. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí ni pé: nígbà tí agbára bá tán lábẹ́ ẹrù, ta ló jẹ̀bi? Ṣé ẹni tí agbára rẹ̀ tán ni, tàbí ẹni tó di ẹrù náà láì kọ́kọ́ béèrè iye agbára tó kù?

Ẹ má wí pé, "Kí ló kan èmi ará Ìbàdàn tàbí ará Èkó nínú ọ̀rọ̀ tírákítọ̀?" Ó kàn yín. Ó kan ẹran inú ọbẹ̀ yín, ó sì kan wàrà inú tíì àwọn ọmọ yín. Ní apá àríwá Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ó ti pẹ́ tí àárín àgbẹ̀ àti darandaran kò ti gún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ẹ̀mí ṣòfò ní Òkè-Àkò, ní agbègbè Ìkọ̀lé. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, gómìnà ìgbà náà, Ayọ̀délé Fáyóṣé, fọwọ́ sí òfin pé màlúù kò gbọdọ̀ máa jẹ̀ káàkiri ní Èkìtì mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìhà gúsù péjọ sí Àsábà, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí jíjẹ̀ káàkiri dópin. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan.

Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ikùn màlúù kò mọ òfin. Bí màlúù kò bá ní lọ bá koríko mọ́, koríko ní láti lọ bá màlúù. Ẹnìkan ní láti gé e, kó sá a sóòrùn, kó dì í, kó sì gbé e pamọ́ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Ìkun-Èkìtì, oko màlúù oníwàrà kan wà níbẹ̀ tí ó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 2019 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì àti iléeṣẹ́ Promasidor, àwọn tó ń ṣe wàrà Cowbell, ti jọ dáwọ́ lé jíjí i. Màlúù tí ń fún ni ní wàrà kò lè gba ààwẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Àdá nìkan kò sì lè gé ohun tí agbo màlúù yóò jẹ fún oṣù mẹ́rin gbáko. Bí a ṣe dé ìdí tírákítọ̀ nìyẹn.

Tírákítọ̀ wo wá ni? Tuntun kẹ̀? Owó rẹ̀ ju ohun tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé lè dá jọ. Èyí tí ọwọ́ wọn lè tó ni tọ́kúnbọ̀, tàbí èyí tí ìjọba ti lò gbó kó tó tà á ní gbàǹjo. Katakata kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Èkìtì. Láti 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí a mọ̀ sí Fáàmù Sẹ́túmẹ́ǹtì. Orin-Èkìtì, nítòsí Ìdó, ní tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Báńkì Àgbáyé yá wa lówó fún ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Èkìtì àti Àkókó, Ìkọ̀lé sì ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó. Nítorí náà, arúgbó tírákítọ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa. Ohun tí kò pọ̀ ni ẹni tó mọ irú iṣẹ́ tó yẹ arúgbó.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn Massey Ferguson 135. Ní 1964 ni wọ́n gbé e jáde. Ẹ́ńjìnnì Perkins oní-sílíńdà mẹ́ta ló wà nínú èyí tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá béèrè agbára rẹ̀, wọn á ní agbára ẹṣin 45. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ọ̀pá kan wà lẹ́yìn tírákítọ̀ tó ń yí, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní PTO. Òun ló ń gbé agbára fún ẹ̀rọ agékoríko. Nígbà tí wọ́n wọn agbára tó dé ìdí ọ̀pá yìí, nǹkan bí 38 péré ni. Tuntun sì ni nígbà náà o! Bí ìdá kan nínú mẹ́rin bá ti bá ọjọ́ orí lọ, ohun tó kù kò ju 28 lọ. Ẹni tó bá ń gbọ́ 45, tó sì lọ ra ẹ̀rọ tí yóò jẹ 45, ti ra ẹrù fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá rẹ̀ àgbà ló kù nílé.

Ẹ wo bí ìṣirò náà ti rí. Sìláṣà tí a fi ń bẹ́ igbó a máa fẹ́ tó agbára ẹṣin 5 fún ẹsẹ̀ bàtà kan ní fífẹ̀. Arúgbó oní-28 yìí lè wọ́ sìláṣà ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Ṣùgbọ́n sìláṣà kì í ṣe ẹ̀rọ koríko gbígbẹ. Ó ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ ni, ẹ ò ní rí i kó jọ. Fún koríko tí a fẹ́ sá, ẹ̀rọ alábẹ gígùn tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹ̀rọ ìgẹrun oníbáábà ló fẹ́ agbára díẹ̀ jù lọ. Ẹ̀rọ alábọ́ yíyípo tó fẹ̀ tó mítà méjì ààbọ̀ yá ju ìyẹn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ó ń béèrè agbára tó tó 50. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ká koríko bí ẹní náà ń béèrè bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Agbára nìkan kọ́ o. Ìwúwo ń bẹ. Tírákítọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé ohun tó wúwo kọ́ ọ nídìí, táyà iwájú á fẹ́ẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ń yí ọwọ́ ọkọ̀ á máa yí lásán. Èkìtì sì rèé, ilẹ̀ olókè! Bí ẹ bá tún so ẹrù tó wúwo ju tírákítọ̀ lọ mọ́ ọn lẹ́yìn, tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹrù náà ni yóò máa ti tírákítọ̀ lọ. Búréèkì kò ní lè ṣe nǹkan kan.

Kílọ́ọ̀ṣì náà ń bẹ. Ọ̀pọ̀ tírákítọ̀ àtijọ́ ló jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló ń darí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀pá ẹ̀yìn pọ̀. Bí dírẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ lè dúró, irin wíwúwo tó ń yí nínú sìláṣà kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Agbára yíyí rẹ̀ á padà gba inú ọ̀pá wá, á sì máa ti tírákítọ̀ síwájú. Ẹ̀yin ẹ ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ rò pé ẹ ti dúró, ẹ ṣì ń lọ sínú kòtò tàbí sára ògiri. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sí ìdí ọ̀pá náà tí kì í jẹ́ kí yíyí padà sẹ́yìn. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò béèrè kò ní mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ irin yìí sú yín. Inú irin ni mo ti rí ọ̀rọ̀ ìwà. Àwọn tó ṣe tírákítọ̀ kò fi ìwọ̀n kan náà ṣe gbogbo ihò ìsomọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó wà fún tírákítọ̀ kékeré, ìdè ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tó mílímítà 22. Ti èyí tó tóbi jù ú lọ ju 28 lọ. Kí ni ìdí? Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ ńlá kò bá wọ ara tírákítọ̀ kékeré, ọwọ́ á dúró, ẹnu á béèrè pé, "Ṣé ìwọ̀nyí bá ara wọn mu?" Ìdè náà dà bí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n kí ni a máa ń ṣe? A ó pe wẹ́dà. Á gé e, á jó o pọ̀, ó di dandan kó wọ̀. A ti bu ọwọ́ bo ẹlẹ́rìí lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bóòtù kan tó wà nídìí ọ̀pá tó ń yí sìláṣà. Rírọ̀ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bí abẹ bá kọ lu kùkùté, bóòtù yìí á já, kí jíà inú rẹ̀ má bàa fọ́. Ó gbà láti kú kí olówó ńlá lè yè. Tí ó bá já lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, wọn á ní bóòtù náà kò dára, wọn á wá irin líle kan fi dípò rẹ̀. Irin líle kò ní já mọ́ lóòótọ́. Ohun tí yóò fọ́ lọ́jọ́ tí kùkùté bá tún dé, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ní àìpẹ́ yìí, mo bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan pàdé ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Wọ́n ti gba ilẹ̀ koríko, wọ́n ti ní màlúù díẹ̀, wọ́n sì ti ra tírákítọ̀ tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Oníṣòwò kan láti ìlú ńlá ti wá fi ẹ̀rọ méjì lọ̀ wọ́n: ẹ̀rọ agékoríko alábọ́ yíyípo tó fẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń ká koríko. Ó ní wọ́n á bá tírákítọ̀ náà ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Wọ́n pe bàbá mẹkáníìkì kan láti Ìkọ̀lé kí ó wá bá wọn wò ó.

Bàbá náà kò wo ẹ̀rọ rárá. Ìdí tírákítọ̀ ló lọ.

"Bàbá," ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wí, "ẹ ṣáà rí i, agbára ẹṣin 45 ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀."

Bàbá ní, "Mo gbọ́ ohun tí wọ́n kọ, ọmọ mi. Kí ló kù nínú rẹ̀?"

Ó ní kí wọ́n tan án, kí ó gbóná dáadáa. Ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu epo ẹ́ńjìnnì sí, ó wo èéfín tó ń tibẹ̀ jáde. Ó ní kí wọ́n fi irin ẹ̀yìn rẹ̀ gbé àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan sókè, ó sì dúró tì í títí ó fi rí i pé ẹrù náà rọra ń bọ̀ nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gùn ún gun òkè kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ búréèkì. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Arúgbó rere ni. Ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀yin ń rò."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà kò gbà. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣiwèrè. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ̀rọ kékeré kì í yá. Òjò kò sì ní dúró dè wá."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yìí ti le tó. Ní apá ibẹ̀, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, a sì máa lọ títí di oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Nígbà tí koríko bá tutù, tí oúnjẹ kún inú rẹ̀, òjò ni kò ní jẹ́ kí ó gbẹ. Nígbà tí oòrùn bá mú dáadáa ní oṣù kejìlá, koríko ti gbó, ó ti di igi, agbára oúnjẹ inú rẹ̀ ti lọ. Àárín méjèèjì ni èèyàn ní láti dọ́gbọ́n sí. Koríko tí a bá sì dì nígbà tí omi inú rẹ̀ ṣì ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, á hu èbu, á gbóná láti inú, ó tilẹ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀. Nítorí náà ọmọkùnrin yìí kò ṣe fáàrí. Ebi màlúù rẹ̀ ló ń gbọ́.

Bàbá dá a lóhùn pé, "Òótọ́ lo wí. Má gé ju èyí tí oòrùn ọjọ́ mẹ́ta lè bá ọ gbẹ. Ẹ̀rọ tó bá dákú ní ọjọ́ kejì kò yá ju àdá lọ."

Nígbà tí wọ́n parí àròyé, ẹ̀rọ alábẹ gígùn ni wọ́n rà. Wọ́n kan àpótí pákó kan tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ koríko mọ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi okùn dì. N kò ní pa irọ́ fún yín pé ohun gbogbo dùn bí oyin. Ọ̀pọ̀ koríko wọn ló gbó mọ́ orí ìdúró lọ́dún náà nítorí pé ọwọ́ kò ká a. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gé, màlúù jẹ ẹ́. Tírákítọ̀ náà sì ṣiṣẹ́ dé òpin.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a jókòó dá ẹjọ́. Èèyàn mẹ́ta ló wà níwájú wa: ẹni tó tà, ẹni tó rà, àti ẹni tó wà á.

Ẹni tó tà á wí pé, "Mo tajà mi ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí olùrà la ojú rẹ̀." Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ó sì ti bá ibi kan pàdé tí wọn kò gbà á. Ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ kan wà tó tún jẹ́ aṣòfin, Wilmot Crozier ni orúkọ rẹ̀. Ó ra tírákítọ̀ tó ń jẹ́ Ford, èyí tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú Henry Ford tí ayé mọ̀. Orúkọ lásán ni wọ́n fi ń fa ojú èèyàn mọ́ra. Tírákítọ̀ náà kò lè ṣe ohun tí wọ́n sọ pé yóò ṣe. Crozier kò kàn sunkún lórí owó rẹ̀. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Charles Warner, gbé òfin dìde ní 1919 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta irú tírákítọ̀ tuntun kan ní Nebraska láìjẹ́ pé wọ́n ti wọn agbára rẹ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, kí ayé sì rí ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Wọ́n tún fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n ti lè rí páàtì rẹ̀ rà. Ní 1920 ni ìwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé 45 a máa di 38 kó tó dé ìdí ọ̀pá.

Ẹ wo ohun tí òfin yìí ń wí: ẹni tó mọ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ. Àwa náà ní ibùdó ẹ̀rọ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdòfìàn nítòsí Ìlọrin, tí ìdánwò ẹ̀rọ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ kò jìnnà sí àríwá Èkìtì. Ṣùgbọ́n kò sí ibùdó kan tó lè bá gbogbo tọ́kúnbọ̀ dé ẹnu ọ̀nà oko. Ọ̀rọ̀ tó kù sí ẹ̀rí ọkàn ẹni tó tà nìyẹn. Bí ó bá mọ̀ pé ẹrù kò bá ẹsẹ̀ mu, tó sì wí pé wẹ́rẹ́ ni, ó ti jẹ̀bi. Kò sí "ojú lalákàn" tó lè gbà á.

Ẹni tó rà ńkọ́? Ẹ̀bi tirẹ̀ nira láti rí, nítorí òun ló pàdánù owó, a sì máa ń ṣàánú ẹni tó pàdánù. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń wá ẹ̀rọ ńlá. Ojú ayé ló ń wá a. A fẹ́ kí àwọn tó ń gba ojú títì kọjá rí i. A kì í fi ọlá jẹ iyọ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Gbogbo wa la mọ òwe wọ̀nyí, a ń fi wọ́n kìlọ̀ fún ẹlòmíràn.

Ó wá ku dírẹ́bà. Ibí ni ọkàn mi ti gbọgbẹ́ jù. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń nájà. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ oòjọ́ ló bá débẹ̀. Síbẹ̀ òun ló jókòó sórí àga irin yẹn nígbà tí táyà iwájú fẹ́ẹ́ kúrò nílẹ̀. Sweden ti pàṣẹ láti 1959 pé tírákítọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní irin ààbò tí kò ní jẹ́ kó tẹ dírẹ́bà pa bí ó bá dojú dé. Ọ̀pọ̀ nínú arúgbó tó wà lóko wa kò ní in. Nítorí náà, ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré jù nínú ìpinnu ni ẹrù ìpinnu náà wúwo lé lórí jù. Èmi ka èyí sí gbòǹgbò ẹjọ́ náà. Bí ẹrù bá ṣubú lu ẹni tó dì í nìkan, mi ò bá ní kí kálukú máa ṣe bó ti wù ú. Ṣùgbọ́n orí ọmọ ọlọ́mọ ló máa ń ṣubú lé.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ìwọ òǹkọ̀wé, o ń sọ̀rọ̀ bí olówó. Òtòṣì kò ní àyàn. Ohun tó bá rí ni yóò lò." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó bá arúgbó mu ló rọ̀jú jù lọ́jà. Ẹ̀rọ kékeré kò wọ́n tó ẹ̀rọ ńlá. Irin kékeré tí kì í jẹ́ kí yíyí padà sẹ́yìn kò tó owó jíà tó fọ́, áńbọ̀sìbọ́sí owó ìsìnkú. Àìní kọ́ ló ń tì wá sínú gbogbo àìbámu. Ìkánjú àti àìfẹ́ béèrè pọ̀ níbẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Irin ni tírákítọ̀. Irin kì í sunkún. Ìwà wo ló wà nínú irin?" Èyí pẹ̀lú lóòótọ́ nínú. Irin kò ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́rùn wa. Ṣùgbọ́n àṣà tí a bá fi irin kọ́ ara wa, a kì í fi í sílẹ̀ sí oko. Ẹni tí kò bá béèrè ohun tó kù nínú tírákítọ̀, ẹ wo bó ti ń ṣe nílé. Tíṣà tó fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ ń dùn, òun ni wọ́n kó ọmọ-ọmọ márùn-ún fún pé, "Màmá ṣáà wà nílé." Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì pé ọdún méjìlá, òun ló ń ru omi ilé, òun ló ń fọ aṣọ ilé. Bí ó bá ṣubú, wọn á ní ọ̀lẹ ni. Ṣebí àwọn àgbà ti wí pé àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé? Ìdájọ́ "ó ti gbó" àti ìdájọ́ "ọ̀lẹ ni", ẹnu kan náà ló ń ti jáde.

Síbẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò wí pé kí a gbé arúgbó sábẹ́ igi kí a máa wò ó. Àìbámu kejì nìyẹn, ìyà tirẹ̀ sì pọ̀. Tírákítọ̀ tí a kò lò a máa dípẹtà; èkúté á jẹ wáyà rẹ̀. Bàbá tí a bá sọ fún pé kó má ṣe ohunkóhun mọ́ a máa tètè gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ẹrù tó pọ̀ jù, tó wá ń gba gbogbo ẹrù kúrò, kò tíì wọn nǹkan kan. Wíwọ̀n ni iṣẹ́ náà, ó sì ní láti máa tún wọ̀n, nítorí ohun tó kù ní èṣí kọ́ ló kù lónìí.

Ìdájọ́ mi rèé. Nígbà tí agbára bá tán lábẹ́ ẹrù, kí a má kọ́kọ́ wo ẹni tó ṣubú. Kí a wá ẹni tó lè béèrè tí kò béèrè, tó sì ní agbára láti wí pé, "Rárá, èyí kò bá a mu," tó dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ olùtajà, òun ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́, òun ni. Bí dírẹ́bà bá mọ̀, tí a sì gbà á láyè láti sọ̀rọ̀, ó ní ìpín tirẹ̀. Bí a kò bá gbà á láyè, ìpín rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́. Bí gbogbo wọ́n bá béèrè, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì ṣe déédéé, tí ó tún fọ́, nígbà náà ni ẹnu wa tó lè wí pé ó ti gbó.

Èrò tèmi nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ra tọ́kúnbọ̀ rí, àwọn kan sì ti tà á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó mú kálámù kó kọ tirẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó kọ ọ́, kó kọ́kọ́ lọ bi dírẹ́bà rẹ̀ léèrè.